Ikú Nídìí Ẹ́ńjìnnì Aláìlójú

Nígbà tí Marilei Krelling ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, àwo cuca, àkàrà òyìnbó ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo náà já bọ́, ó fọ́ yángá. Bàbá rẹ̀, Anselmo Krelling, nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ẹrù irin ńlá tó máa ń so rọ̀ lókè sì wà lórí àyà rẹ̀. Ara rẹ̀ ti tutù. Òjò ìlú Joinville tó ti ń rọ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀ kò dá, ó ń lu páànù lókè bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Kò pẹ́ tí Edla Budal fi dé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àgbà ni Edla ní àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í gbàgbé ohun tó bá ti fojú rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tètè wọlé. Òórùn ọ́ìlì àti ti wáyà tó ti gbóná rí ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì sáré padà sígbà èwe. Òórùn yìí gan-an ló máa ń wà lára aṣọ ìyá rẹ̀, Nelci, tó bá ti dé láti ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fíríìjì létí odò Cachoeira. Nígbà náà, kò sí ilé kan ládùúgbò wọn tí ẹnì kan nínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnjiníà ni Anselmo níbẹ̀. Edla rántí ọjọ́ tó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tó gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan dání, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun wá fáwọn ará ilé wò.

“Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o.” Osni Borba nìyẹn, ọlọ́pàá tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. “Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí òjò pa yín jù. Jàǹbá ni. Dókítà ti wá, ó ní láti ọ̀sán àná ni bàbá ti kú.”

“Sọ bó o ṣe rí i fún mi.”

Osni nawọ́ sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n de ẹ́ńjìnnì oníná kan tó ti darúgbó mọ́ ibẹ̀ nísàlẹ̀, àgbá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí okùn irin wé mọ́. Okùn náà gba orí àjà kọjá, ó wá sọ̀ kalẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òkú wà.

“Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń fa okùn, okùn ló ń gbé ẹrù. Ẹ wo súìṣì, ó wà ní títàn, gílóòbù pupa yẹn ò tíì kú. Bàbá gbé ẹrù sókè, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì àgbàlagbà ò lè gbé e dúró mọ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ lé wọn. Èèkàn irin kan wà tí wọ́n máa ń tì bọ ihò àgbá kó má bàa yí padà. Òun nìyẹn lórí ìṣó. Wọn ò lò ó. Tèmi ti parí o, ká lọ mu kọfí.”

Edla wọ ìbọ̀wọ́, ó mú èèkàn náà kúrò lórí ìṣó. Irin dúdú ni, ó ti jọ̀lọ̀ nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú láti ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kan ti wú, ojú ibẹ̀ sì ń dán bíi irin tuntun.

“Osni, ta ló lu èèkàn yìí?”

“Bàbá náà ni o.”

“Wo ògiri yẹn.” Gbogbo irinṣẹ́ Anselmo ló wà lórí pákó, ó ti fi kun ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó ń gbé, kí èyíkéyìí má bàa ṣìnà ilé. Òòlù nìkan ni wọ́n gbé kọ́ sódì, tí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí. “Ṣé ẹni tó to irinṣẹ́ báyìí ló máa fi òòlù ba èèkàn ara rẹ̀ jẹ́, tó sì máa kọ́ òòlù ọ̀hún sódì?”

Osni fọwọ́ họ orí. “Kọfí ti di ọ̀la nìyẹn.”

*

Inú kíṣìnì ni wọ́n ti bá Marilei. Ó ti lé lógójì ọdún, òun ló ni búrẹ́dì tó dùn jù lọ ládùúgbò Glória, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

“Gbogbo ìgbà ni mo ń bá wọn jà,” ó ní. “Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní tí àwọn bá kúrò níbí, ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àwọn? Mo ní, ‘Bàbá, ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe ajá.’ Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún wọn kẹ́yìn nìyẹn, Dona Edla. Mo tún ti ilẹ̀kùn gbàgà.”

Edla jókòó tì í. Ó jẹ́ kó sunkún tán. “Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n fẹ́ràn tó yẹn?”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Aláìlójú ni. Àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe nílùú yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ jù ú sílẹ̀ ni Bàbá gbé e wálé, tí wọ́n so ó mọ́ okùn àti ẹrù, kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun. Orúkọ Seu Lauro ni wọ́n máa kọ sára gbọ̀ngàn ibẹ̀.”

“Ọ̀gbẹ́ni Lauro Hagedorn? Ọ̀gá ẹ̀ka wọn nígbà yẹn?”

“Òun ni. Òun kọ́ ni gbogbo ìlú ń pè ní bàbá ẹ́ńjìnnì aláìlójú ni?”

“Àwọn wo ló wá síbí lánàá?”

“Dona Dulce wá mu kọfí láàárọ̀, bó ṣe máa ń wá. Òun àti Bàbá jọ ṣiṣẹ́ ni, ẹnjiníà lòun náà. Seu Lauro ní òun náà máa yà lọ́sàn-án. Èmi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ẹ bi àwọn oníbàárà mi.”

“Nínú yín, ta ló mọ̀ ọ́n lò?”

“Gbogbo wa ni. Èmi ti ń yí i láti kékeré. Dona Dulce mọ̀ ọ́n. Seu Lauro ńkọ́? Ṣé bàbá lè má mọ ọmọ ẹ̀ ni?”

Edla dìde. Ó ní kí Marilei fi bí wọ́n ṣe ń yọ èèkàn nígbà tí ẹrù bá wà lókè han òun. Marilei nu ojú, ó wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò fẹ́ wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́ júwe. “Ẹ máa mú kí ẹ́ńjìnnì gbé ẹrù sókè díẹ̀, kó má tẹ èèkàn mọ́. Ẹ wá fi ìka méjì yọ ọ́ báyìí. Kò le.”

“Tí ẹnì kan bá fẹ́ yọ ọ́ láì lo ẹ́ńjìnnì?”

“Láéláé. Gbogbo ẹrù náà ló ń tẹ̀ ẹ́. Àfi tó bá fẹ́ fi òòlù lù ú jáde.” Ó wo Edla. “Ta ló máa ṣe irú ẹ̀?”

*

Ilé Lauro Hagedorn wà lórí òkè kékeré kan tí igi yí ká, òdòdó olówó iyebíye sì wà nínú ìkòkò káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó ti darúgbó dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun gbọnyin bíi tayé iṣẹ́. Àwòrán rẹ̀ kún ògiri: ó ń bọ àlejò lọ́wọ́, ó ń gba àmì-ẹ̀yẹ nílẹ̀ òkèèrè, ó dúró níwájú ẹ́ńjìnnì.

“Áà, ọmọ Nelci!” ó ní. “Ìyá ẹ ló ń wé kọ́ìlì fún wa, ọwọ́ ẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Ìwọ náà lo wá di ọlọ́pàá báyìí? Jókòó, jókòó. Ojú mi ò gbẹ láti àárọ̀. Anselmo! Ọ̀rẹ́ mi àtàtà.”

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, Seu Lauro. Wọ́n ní ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn lánàá.”

“Mo yà níbẹ̀, mi ò pẹ́. A sọ̀rọ̀ ayẹyẹ tó ń bọ̀. A rẹ́rìn-ín. Mo fi í sílẹ̀ láàyè, ara ẹ̀ le, ó ń fọ abẹ́ ẹrù irin yẹn. Mo kìlọ̀ fún un o! Mo ní, ‘Anselmo, ẹ́ńjìnnì yìí ti dàgbà bíi tiwa.’ Kò gbọ́.”

“Ẹrù wà lókè nígbà tẹ́ ẹ ń lọ?”

“Lókè téńté. Ó dúró sójú kan, kò mì. Ẹ́ńjìnnì ló gbé e dúró bẹ́ẹ̀. Ẹwà iṣẹ́ wa nìyẹn, ọmọ mi. Láì lójú, ó mọ ibi tó wà, ó sì dúró síbẹ̀ gbọnyin bí ọmọ ogun.”

“Èèkàn irin yẹn ńkọ́?”

“Èèkàn kẹ̀? Orí ìṣó ló wà. Kí la fẹ́ fi ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́?” Ó mi orí tìbànújẹ́tìbànújẹ́. “Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Agbára ẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ohun gbogbo tó sọ bá ohun tí wọ́n rí nínú ṣọ́ọ̀bù mu régí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, Osni ní, “Ọ̀gá, bàbá yìí ò purọ́ o. Ó bá a mu láti òkè délẹ̀.”

“Ohun tó ń dùn mí nìyẹn,” Edla dáhùn. “Ó bá a mu jù. Bí ẹni pé ẹnì kan bá wa to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀.”

*

Fúláàtì kékeré kan tó kọjú sí odò ni Dulce Hardt ń gbé. Ó kéré lára, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́. Lójú fèrèsé rẹ̀, èèyàn lè rí òrùlé ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà. Koríko ti hù lórí apá kan rẹ̀.

“Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ ni,” ó ní bó ṣe ń bu kọfí fún wọn. “A ò gbọdọ̀ ra kọ̀ǹpútà láti ìta, tilé ò sì tó nǹkan. Èmi àti Anselmo nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, gíláàsì kan ṣoṣo ló wà lára ilẹ̀kùn. A máa ń gbàgbé láti jẹun. Tí kò bá ṣiṣẹ́, a máa bú u. Tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, a máa jó. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, Dona Edla. Mo lọ́kọ, mo bímọ, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní aláìlójú?”

Dulce rẹ́rìn-ín músẹ́ fúngbà àkọ́kọ́. “Ẹ wò ó. Ẹ́ńjìnnì fíríìjì wà nínú agolo irin tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa, òun àti ọ́ìlì àti gáàsì gbígbóná. Irin kan tó ní òòfà lára ló ń yí láàárín. Àwọn kọ́ìlì, wáyà wíwé tó yí i ká, ló máa ń fà á tí iná bá wọ̀ wọ́n. Èyí á fà á díẹ̀, á fi sílẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gbà á. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa fa nǹkan lásìkò tó yẹ, tẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tó wà? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ki ojú sínú ẹ́ńjìnnì, nǹkan kékeré kan tó ń wo irin yẹn, tó ń sọ fún ẹ̀rọ ìdarí níta pé ibi báyìí ló dé, bó ṣe ń sáré tó nìyí. Nínú agolo tiwa, ojú ọ̀hún kì í pẹ́ kú. Ooru á pa á, ọ́ìlì á pa á.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“A yọ ojú, a fi etí sí i. Tí òòfà bá ń yí láàárín kọ́ìlì, òun fúnra ẹ̀ máa ń pèsè iná díẹ̀ padà sínú wáyà. Ohùn ẹ̀ nìyẹn. Tó bá ń sáré, ohùn á lágbára. Tó bá ń rọra lọ, ohùn á rẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ á mọ ibi tí irin wà àti bó ṣe ń sáré tó, láì rí i.”

Edla di ife kọfí mú, kò mu ún. Ohun tí kò rántí láti ọjọ́ pípẹ́ ló dé sí i. “Nírọ̀lẹ́, nígbà tí fèrè ilé-iṣẹ́ bá dún, mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa,” ó ní. “Gbogbo wọn á máa gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, títì á kún dẹ́múdẹ́mú. Mo máa ń dijú. Mo máa mọ kẹ̀kẹ́ ìyá mi láàárín gbogbo wọn nítorí bí ṣéènì ẹ̀ ṣe ń ké. Mo lè sọ ìgbà tó dé ìyànà, mo lè sọ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.”

“Ohun kan náà gan-an ni!” Dulce fọwọ́ lu tábìlì. “Ẹ ò bá ti bá wa ṣiṣẹ́.”

“Tí màmá mi bá wá dúró bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́nà, mi ò ní mọ ibi tó wà mọ́. Ṣéènì á dákẹ́.” Ó gbé ife sílẹ̀. “Dona Dulce, tí ẹ́ńjìnnì yín bá dúró ńkọ́?”

“Ó yadi nìyẹn. Kò yí, kò lóhùn. Ẹ̀rọ ìdarí ò mọ ibi tó wà mọ́, kò mọ kọ́ìlì tó yẹ kó fún níná.”

“Ṣé ó lè gbé ẹrù dúró lókè, kó má mì?”

“Aláìlójú? Kò lè ṣe é láé. Bó bá ṣe dúró báyìí ni ẹrù á já wálẹ̀. Ìdí tí Anselmo fi ṣe èèkàn yẹn nìyẹn. Bó bá ṣe ń rọra lọ sílẹ̀, kó tó dúró pátápátá, a máa ti èèkàn bọ ihò. Tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ọgbọ́n wà níbẹ̀. A máa tẹ bọ́tìnnì funfun, iná á fa irin àárín síbi kan tá a mọ̀. Lẹ́yìn náà la máa rọra tì í bí ẹni ń fa afọ́jú lọ́wọ́, títí á fi sáré débi tó lè sọ̀rọ̀.”

Osni ti gbàgbé kọfí rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ọ̀gá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

“Seu Lauro mọ gbogbo èyí?” Edla béèrè.

Dulce wo òrùlé ilé-iṣẹ́ náà lójú fèrèsé. “Lauro ló ń wá owó fún iṣẹ́, òun ló ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láìsí i, wọn ì bá ti lé wa. Ṣùgbọ́n inú yàrá yẹn kọ́ ló wà. Ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń dúró sí. Ó máa ń wọlé tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n ń pè é ní bàbá ẹ̀, a kàn rẹ́rìn-ín. Kò dùn wá. Àwa la mọ̀ ọ́n gbọ́.”

*

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí oòrùn tó kọjá àtàrí, Edla pe gbogbo wọn jọ sínú ṣọ́ọ̀bù Anselmo. Wọ́n ti nu ilẹ̀. Wọ́n kó àpò iyanrìn sí àárín, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ọwọ́ gbé ẹrù irin sókè díẹ̀, wọ́n ti èèkàn tuntun bọ ihò àgbá. Marilei dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Dulce jókòó. Lauro wọlé pẹ̀lú àńbúrẹ́là dúdú, ó bọ obìnrin méjèèjì lọ́wọ́.

“Seu Lauro,” Edla ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi í hàn bí ẹ ṣe bá a lọ́jọ́ Fúráìdè. Ẹ gbé ẹrù yìí sókè, kí ẹ́ńjìnnì gbé e dúró sójú kan.”

“Níwájú ọmọ olóògbé? Kò yẹ, ọmọ mi.”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é,” Marilei ní. “Ẹ máa yí i.”

Lauro rẹ́rìn-ín, ó tú bọ́tìnnì ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tan súìṣì. Ó di nọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì sáré mú, ó yí i lọ gbì. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, ó kùn, ó ta síwájú, ó ta sẹ́yìn, kò yí. Ó tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì tún kùn bí ẹni tí ikùn ń run.

“Ó ti bàjẹ́,” ó ní. “Mo ti sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́.”

“Dona Dulce?”

Dulce dìde. Ó tẹ bọ́tìnnì funfun, ó dúró, ẹ́ńjìnnì ta kìjí lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Ó wá rọra yí nọ́ọ̀bù. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, ó ń ga sí i bí irin àárín rẹ̀ ṣe ń yí. Ó fi ìka méjì yọ èèkàn. Ẹrù irin gbéra, ó ń lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Marilei bo ẹnu.

“Ó kù sí yín lọ́wọ́, Seu Lauro,” Edla ní. “Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kó má mì, bíi ti ọjọ́ Fúráìdè.”

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Lauro dá nọ́ọ̀bù padà sílẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀ sí i, ó dákẹ́. Àgbá yí padà fìrì, ẹrù irin já lu àpò iyanrìn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mì tìtì.

Edla kọjú sí gbogbo wọn. Ohùn rẹ̀ ò le.

“Ẹnì kan fi òòlù lu èèkàn jáde lọ́jọ́ Fúráìdè, nígbà tí Seu Anselmo wà lábẹ́ ẹrù. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì yìí í lò kì bá lo òòlù. Ìka méjì ló tó. Marilei mọ̀ ọ́n, Dona Dulce mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹni ọ̀hún gbé èèkàn kọ́ sórí ìṣó, ó tan súìṣì, kí àwa ọlọ́pàá lè gbà pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ẹrù dúró, pé òun náà ló jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò lè to irú irọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yìí ò gbé nǹkan kan dúró rí láyé rẹ̀. Ó ku ẹyọ ẹnì kan. Gbogbo ìlú rò pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ fún mi pé òun rí ẹrù níbi tó dúró gbọnyin bí ọmọ ogun.”

“Kí ló máa mú mi pa Anselmo?” Lauro ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti fọ́.

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn fún wa.”

Ó wá ibi jókòó. Àpótí igi kan ló rí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà dà bí ohun tó ti tóbi jù fún un.

“Ó ní lọ́jọ́ ayẹyẹ, èmi ni kí n yí i,” ó ní. “Níwájú gómìnà, níwájú àwọn ọmọ iléèwé, níwájú gbogbo èèyàn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí Dulce yí i, mo ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ó ní, ‘Lauro, àsìkò tó.’ Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹrù, ó ń nu ilẹ̀ ibẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní òpin ayé mi. Òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lù ú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dákẹ́.”

Dulce ti dìde, ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹkún ò sí lójú rẹ̀ mọ́.

“Ó fẹ́ kọ́ ẹ ni, Lauro. Ó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní, ‘Lauro ń bọ̀ lọ́sàn-án, mo fẹ́ nu ibẹ̀ mọ́ kí n lè kọ́ ọ, kó lè fọwọ́ ara ẹ̀ yí i lójú gbogbo èèyàn.’ Ó ní ó ti pẹ́ tó o ti ń dúró sẹ́yìn gíláàsì. Inú ẹ̀ dùn ni. Ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.”

Lauro wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú pamọ́ sínú ọwọ́ méjèèjì, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Marilei jáde sínú òjò. Osni mú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó dúró títí ọ̀gá rẹ̀ fi mi orí sí i.

*

Lauro jẹ́wọ́ ní kóòtù, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n. Nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n fi í sí apá ibi tí àwọn aláìsàn ń gbé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára gbọ̀ngàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Edla lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà nítorí ẹjọ́ mìíràn. Ní géètì, láàárín àwọn ìyá àti ìyàwó tó tò pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́, ó rí Dulce Hardt. Ó wọ aṣọ tó dára, ó gbé fúláàsìkì kọfí sábẹ́ apá.

“Dona Dulce! Ọ̀dọ̀ Seu Lauro lẹ ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Mo máa ń wá.”

“Ẹ ti dárí jì í nìyẹn.”

“Rárá o.” Dulce ò tilẹ̀ rò ó kó tó dáhùn. “Mi ò rò pé mo lè ṣe é. Marilei ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo ń wá.” Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì, ọ̀wọ́ àwọn obìnrin náà gbéra, òun náà gbé ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀. “Ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù, ọmọ mi, tó rántí bí èmi àti Anselmo ṣe rí nígbà ọ̀dọ́ wa.”